Àlejò ní Ojú Oórì Bàbá Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọ̀gá mi, Àǹtí Kẹ́milọ́lá, pè mí wọ yàrá rẹ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Àgọ́ Palace. Iléeṣẹ́ kékeré ni, òkè ilé tí wọ́n ti ń ta oògùn ló wà. Iṣẹ́ wa ni láti máa mú àwọn tó bá ti òkè òkun wá kiri ìlú kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Èmi ni mo máa ń tẹ̀lé wọn, èmi náà ni mo sì máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

"Tẹjú," ó ní, "ọmọkùnrin kan ń bọ̀ láti Kánádà. Ethan Oyèlékè ló ń jẹ́. Ìjẹ̀bú ni bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Yorùbá rárá. Kò fẹ́ lọ sétíkun, kò fẹ́ wo ọjà. Ibojì àwọn ẹni ìgbàanì ló ń wò kiri, ti àáfà ni o, ti wòlíì ni o. Ó ti dé Sẹ̀nẹ̀gà, ó ti dé Málì nítorí ẹ̀."

"Ibo la fẹ́ mú un lọ báyìí, mà?"

"Mo ti rí ọ̀kan, kò tiẹ̀ jìnnà. Ìsọlọ̀ níbí ni. Ojú oórì Àáfà Oníwàláà. Wọ́n ní ó tó igba ọdún." Ó gbójú sókè wò mí. "Ṣé o mọ Ìsọlọ̀ dáadáa?"

"Mi ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, mà," ni mo dá a lóhùn.

Ìsọlọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kì í ṣe Ìsọlọ̀ lásán, agbolé tí ibojì yẹn wà gan-an ni. Tí a bá ṣí fèrèsé yàrá tí èmi àti bàbá mi ń sùn, orí sàréè Àáfà Oníwàláà ni ojú wa máa bọ́ sí. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé wa, láti Ìlọrin ni Àáfà náà ti rìn wá, wàláà kan ṣoṣo, pákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú, ló gbé lọ́wọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú. Nígbà tó kú, ibi tó máa ń jókòó sí yẹn ni wọ́n sin ín sí. Àwọn tó kọ́ ní kéwú sọ pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n sin àwọn náà sí, àwọn ọmọ wọn náà sọ bẹ́ẹ̀, títí ilẹ̀ náà fi di ìtẹ́ òkú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kéwú yẹn ni baba ńlá wa, láti ayé rẹ̀ ni ìdílé wa sì ti ń tọ́jú ibẹ̀.

Bàbá mi, Àjàmú, ló ń gbẹ́ sàréè níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti kú ní àdúgbò, wọ́n á ti wá kan ilẹ̀kùn wa kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ lèmọ́mù pàápàá. Bàbá á wọ ṣòkòtò rẹ̀ kan tí erùpẹ̀ ti sọ di pupa, á gbé ṣọ́bìrì àti dígà, á lọ. Màmá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Ìyá Táòfíkì, tó ń gbé nínú yàrá kejì, ló tọ́ mi. Òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń dirun fún mi, òun ló sì máa ń pè mí ní Àjíbíkẹ́, oríkì mi. Tàwàkálítù ni orúkọ mi gan-an. Tẹjúmọ́lá ni orúkọ tí àwọn ẹbí màmá mi sọ mí, òun ni mo mú lọ síbi iṣẹ́, torí pé kò sí ẹni tó ń fi í pè mí ní Ìsọlọ̀.

Mo ti wọ kíláàsì kẹrin nílé ìwé girama nígbà tí mo gbàgbé oúnjẹ mi sílé lọ́jọ́ kan. Àkókò ìsinmi ni bàbá mi gbé e wá. Ìdí iṣẹ́ ló ti ń bọ̀ tààrà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ṣọ́bìrì wà léjìká rẹ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi la jọ dúró. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ta nìyẹn?" Mo ní, "Ẹni tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nílé ni." Mi ò mọ̀ pé ó ti sún mọ́ wa tó bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́. Ó na abọ́ oúnjẹ náà sí mi, ó ní, "Wọ́n ní kí n gbé e wá fún yín," ó sì yí padà, ó lọ. Nígbà tí mo délé, kò sọ nǹkan kan. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Bí a ṣe fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ nìyẹn títí ó fi kú.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin báyìí tó ti kú. Mo wà níbi ìsìnkú, mo wá síbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ, láti ìgbà yẹn mi ò sì tún débẹ̀ mọ́. Mafoluku ni mò ń gbé. Láti Mafoluku sí Ìsọlọ̀, tí ọ̀nà bá dá, kò tó wákàtí kan. Mo ti sọ fún àwọn ará ọ́fíìsì pé ẹnjiníà ni bàbá mi, pé ibi tó ti ń la ọ̀nà nílẹ̀ Hausa ló kú sí.

Mo lè sọ òótọ́ fún Àǹtí Kẹ́mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, kò sí ohun tó máa ná mi. Ohun tí mo ṣe ni pé mo jókòó, mo ń wá ọjọ́ tí ojú èmi àti ẹbí mi ò fi ní ṣe mẹ́rin. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni Ìyá Táòfíkì máa ń lọ sí àsàláátù, kì í sì í délé títí di ọ̀sán. Mo wá ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dáa jù. Mo ní oòrùn ò ní tíì mú.

Lọ́jọ́ náà, mo lọ mú Ethan ní hòtẹ́ẹ̀lì tó dé sí nítòsí pápákọ̀ òfuurufú. Ọmọkùnrin gíga kan báyìí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ìwé kékeré kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọkọ̀, ó ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kí àgbàlagbà. Mo kọ́ ọ. Ó ń pè é lẹ́nu títí a fi kọjá Òṣòdì: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàárọ̀, mà." Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibojì ló ń wò kiri.

Ó ní bàbá òun ò sọ ibi tí wọ́n sin bàbá tirẹ̀ sí fún òun rí, pé bàbá òun sì ti kú, ọ̀rọ̀ náà kú mọ́ ọn nínú. "Mi ò ní èyí tí mo lè lọ wò," ó ní, "ni mo ṣe ń lọ wo ti àwọn ẹlòmíràn."

Mo yíjú sí fèrèsé.

Nígbà tí a dé ojúde wa, mo wọ awò ojú dúdú, mo fi ìborùn bo orí mi wá sí àgbọ̀n. Mo ti ń rò ó pé ọmọdé kan lásán ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa, pé a ó wò ó kíá, a ó sì jáde. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ti géètì ni ẹsẹ̀ mi dúró. Ìyá Táòfíkì jókòó sórí àpótí lábẹ́ igi fúrúntù, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi aṣọ di orúnkún, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ni kò jẹ́ kó lọ sí àsàláátù.

Ó gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ wo Ethan, ojú rẹ̀ wá dé ara mi. Ta ni mò ń fi awò dúdú tàn? Obìnrin tó ti ń wẹ̀ mí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi? Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ṣí. Mo mọ orúkọ tó wà lẹ́nu rẹ̀.

Mi ò kúnlẹ̀. Mo dúró sójú kan, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Àlejò kan la mú wá wo ojú oórì."

Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wò mí títí, mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ó gbé atẹ sílẹ̀, ó fọwọ́ ti ara igi, ó rọra dìde.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò wa."

Ìyá Táòfíkì ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Èmi tó máa ń nà ní pàṣán tí mo bá ti tàṣejù.

Ethan bọ́ síwájú, ó fọwọ́ kanlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà." Kò dún dáadáa, ṣùgbọ́n Ìyá Táòfíkì rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. "Ọmọ ire," ó ní. "Bí o ṣe wá yìí, Ọlọ́run á jẹ́ kó o délé ayọ̀." Èmi tí mo gbọ́ èdè náà, mo ṣì dúró ṣánṣán.

Òkúta funfun kan wà ní ẹnu ọ̀nà ìtẹ́ òkú. Kò sí ọmọ agbolé wa tí kò mọ̀ pé èèyàn kì í wọ bàtà kọjá rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo sì wọ bàtà mi kọjá bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ìyá Táòfíkì ní lẹ́yìn mi, "ẹ bá wa bọ́ bàtà yín."

Mo padà sẹ́yìn, mo bọ́ ọ. Ethan ti bọ́ tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

Ibojì Àáfà kì í ṣe ohun ńlá. Ilé kékeré kan ni wọ́n kọ́ lé e lórí, páànù ni wọ́n fi bò ó, wọ́n fi ẹfun kun ògiri rẹ̀, aṣọ àlà kan ló bo sàréè fúnra rẹ̀. Wàláà rẹ̀ wà lára ògiri, ojú rẹ̀ ti dúdú, kò sí ẹni tó tún lè ka ohun tó wà níbẹ̀. Ethan béèrè bóyá àwọn èèyàn ṣì máa ń wá. Mo bi Ìyá Táòfíkì.

"Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀," ó ní. "Wọ́n á wá bẹ Àáfà wò, sìyárà nìyẹn, wọ́n á ṣe àdúà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pàápàá ń wá. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn pé àwa ò bọ Àáfà o. Ọlọ́run là ń bẹ̀. Àáfà la kàn ń kí."

Mo túmọ̀ ìyẹn dáadáa. Ethan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó wá ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun jókòó díẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Èmi àti Ìyá Táòfíkì la wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa, kò sí ẹni tó ń wo ẹnì kejì. Òórùn ìpara tó fi pa orúnkún ń ta sí mi nímú. Mo mú fóònù mi jáde, mo ń tẹ̀ ẹ́, kò sí ohun tí mò ń tẹ̀.

Ó rọra sọ̀rọ̀, kò yíjú sí mi. "Ṣé ẹ jẹun kí ẹ tó jáde nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo ní.

"Ẹ ti rù," ó ní.

A yí ìtẹ́ òkú náà ká. Mò ń gbìyànjú láti darí Ethan sí apá òsì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti dé ibi ògiri lápá ọ̀tún. Gbogbo ibẹ̀ ló kún fún koríko, àfi sàréè kan. Ẹnì kan ti ro ó mọ́ tónítóní, ó sì gbin òdòdó pupa síbi orí rẹ̀. Ethan bi mí pé ta ló wà níbẹ̀. Mi ò tíì béèrè tí Ìyá Táòfíkì fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ti mọ ohun tó ń nàka sí.

"Àjàmú nìyẹn," ó ní. "Àbúrò mi. Ọwọ́ ẹ̀ ló gbẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn sàréè tí ẹ̀ ń wò yìí, ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òkú tó kéré lójú ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé wá, tí ìyá ọmọ ò lè wá, Àjàmú á jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní kó má baà jẹ́ òun nìkan. Nígbà tí òun fúnra ẹ̀ wá lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n gbẹ́ kó gún bíi tiẹ̀. Àwọn tó gbẹ́ tiẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ wọ́. Ẹ wò ó. Ẹ̀gbẹ́ ibí yìí ò gún."

Mo wò ó. Kò gún. Ọjọ́ tí wọ́n sin ín, èmi ò wo ilẹ̀.

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi máa ń jókòó ti àwọn ọmọ ọwọ́. Mo máa ń rò pé ó yà síbì kan ni, tó bá pẹ́ kó tó wọlé.

"Kí ni wọ́n sọ?" Ethan ń dúró dè mí, kálàmù wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Lébìrà kan ni, ó ti ṣiṣẹ́ níbí rí."

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ lébìrà l'Ékòó? Mo rí i tí ojú Ìyá Táòfíkì yí padà, bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún èèyàn.

"Kì í ṣe lébìrà," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kò wò mí, sàréè ló ń wò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ dáadáa fún wọn. Ẹ ní àbúrò mi ni. Àjàmú lorúkọ ẹ̀."

Mo sọ fún Ethan pé àbúrò wọn ni. Ó ní kí n pe orúkọ náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì kọ ọ́. Ó wá béèrè bóyá ó bímọ. Mo bi Ìyá Táòfíkì.

"Ó bí ọ̀kan. Obìnrin."

"Ṣé ọmọ náà máa ń wá síbí?" Ethan ní.

Kò sí ẹlòmíràn tó lè bá mi sọ ọ́. "Wọ́n ní," mo ní, "wọ́n ní ṣé ọmọ náà máa ń wá."

Ìyá Táòfíkì tẹ̀ba, ó tu koríko kékeré kan tó ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó náà. "Ó máa ń wá," ó ní. "Iṣẹ́ ló máa ń dí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ń wá. Ọmọ dáadáa ni."

Gbogbo ohun tó ti sọ láàárọ̀ yẹn, èyí nìkan ni mo túmọ̀ láìyọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Nígbà tí a ń jáde, ó tẹ̀lé wa dé géètì, ó ń tiro. Aago mọ́kànlá ti kọjá, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ti ń padà bọ̀ nílé. Ìyá Kọ́lá, tó máa ń ránṣọ ní ojúde tó kọjú sí wa, ń bọ̀ lókè pẹ̀lú Bíbélì lábíyá. Ó tajú kán rí mi. Ó ju ọwọ́ sókè.

"Háà! Tàwà! Àjíbíkẹ́, ọmọ Àjàmú! Ojú ẹ rèé?"

Mo ń lọ, mi ò dúró. Mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ethan ló dúró. Ó wo Ìyá Kọ́lá, ó wò mí, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé Àjàmú ni wọ́n pè yẹn?" ó ní.

Ohùn Ìyá Táòfíkì ni mo gbọ́ lẹ́yìn wa, ó ròkè ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyá Kọ́lá, kì í ṣe òun! Ó kàn jọ ọ́ ni. Àlejò ni wọ́n."

Ìyá Kọ́lá dúró. Ó wò mí, ó wo Ìyá Táòfíkì, ó tún wò mí. Obìnrin yẹn ló rán aṣọ ilé ìwé mi láti kékeré, ó mọ ìbàdí mi lọ́wọ́. Ọwọ́ tó gbé sókè rọra wálẹ̀.

"Ẹ má bínú o, àǹtí," ó ní fún mi. "Ojú àgbà ni. Mo fi yín pe ẹlòmíràn."

"Kò séwu, mà," mo ní. Mo wọ ọkọ̀.

Títí a fi dé hòtẹ́ẹ̀lì, Ethan ò béèrè nǹkan kan. Nígbà tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó pa ìwé rẹ̀ dé, ó ní tí mo bá tún débẹ̀, kí n bá òun kí màmá yẹn. Kò ní "tí ẹ bá tún mú àlejò lọ". Ó ní tí mo bá tún débẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé mo lọ síbi iṣẹ́, mo kọ ìròyìn ìrìnàjò náà fún Àǹtí Kẹ́mi, mo ní ó lọ dáadáa. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó rí ẹsẹ̀ gbé. Mo ní ara mi ò yá, mo kúrò ní ọ́fíìsì lọ́sàn-án, mo wọkọ̀ lọ sí Ìsọlọ̀. Mo bọ́ bàtà níbi òkúta funfun, mo wọlé tọ Ìyá Táòfíkì lọ nínú yàrá rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó kọjú sí ògiri.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, mà."

"Ta nìyẹn?" ó ní. Kò yíjú. "Ṣé àlejò ni?"

Mo bú sẹ́kún. Kò ní kí n dákẹ́. Ó jẹ́ kí n sun ún títí ó fi tán lójú mi, ó sì jẹ́ kí n wà lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún mi fi kú tipiri. Lẹ́yìn náà ló dìde jókòó.

"Dìde," ó ní. "Ilẹ̀ tutù. Orúnkún èèyàn kan ti tó nínú ilé yìí."

Mo jókòó sẹ́bàá ibùsùn. Mo ní, "Ẹ dárí jì mí. Mi ò kí yín. Mi ò kúnlẹ̀."

"Kì í ṣe kíkí tí o ò kí mi ló dùn mí," ó ní. "Mo ti ń retí ìyẹn. Lébìrà tó o pè é ni. Ní ojú ẹ̀, níbi tó sùn sí."

Mo wá bi í ní ohun tí mi ò yéé rò láti ọjọ́ Àìkú. Mo ní kí ló dé tó fi gbà fún mi, tó fi bá mi purọ́ fún Ìyá Kọ́lá.

Ó ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀. "Àjàmú ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀," ó ní.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa.

"Ọjọ́ tó gbé oúnjẹ lọ bá ẹ nílé ìwé, ó padà dé, ó jókòó síbi tó o jókòó sí yẹn. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ bá pàdé Tàwà láàrin àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, tí kò bá kọ́kọ́ kí yín, ẹ má kí i. Ẹ jẹ́ kó ríbi kọjá.' Mo ní ṣé orí ẹ̀ pé ni. Mo bá a jà, a ò sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì. Ó ní iṣẹ́ tí òun ń ṣe ni kò lè dára lójú ọmọdé, pé tó o bá dàgbà, á yé ẹ. Láti ọjọ́ yẹn, kò gba iwájú ilé ìwé yín mọ́. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà lọ sọ́jà, tòun ti ẹrù, lójò lẹ́ẹ̀rùn, títí o fi ṣe tán." Ó yíjú sí mi. "O ti dàgbà báyìí, Àjíbíkẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mà."

Ó mi orí lásán.

Mo jáde lọ síbi sàréè náà. Mo fẹ́ ka Fàtíà fún un. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dé àárín, mo gbàgbé ohun tó kàn. Fàtíà tí bàbá mi fi kọ́ mi kí n tó lè so okùn bàtà. Mo tún un bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ibì kan náà ló ń já sí. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, mo fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò gún yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ìyẹn lè tún ṣe.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọ yàrá Àǹtí Kẹ́mi, mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ẹnjiníà, pé sàréè ló ń gbẹ́, pé sàréè tirẹ̀ ni Ethan rí lọ́jọ́ Àìkú. Omi ń bọ́ lójú mi. Ó gbọ́ mi tán, ó gbé awò ojú rẹ̀ sókè sí iwájú orí.

"Torí ẹ̀ lo ṣe ń sunkún láàárọ̀ kùtù?" ó ní. "Tẹjú, ta ló bi ẹ́ ní iṣẹ́ bàbá ẹ? Bàbá tèmi, báńkì kan ló ti ń ṣọ́ géètì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Jọ̀ọ́, bá mi pe onítíkẹ́ẹ̀tì yẹn."

Ó yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó tán. Ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, tí mo torí ẹ̀ sẹ́ bàbá mi láàyè àti lókùú, kò gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Ì bá ṣe pé ó bú mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo kọ̀wé sí Ethan lórí fóònù. Mo tún gbogbo ohun tí Ìyá Táòfíkì sọ túmọ̀ fún un, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe sọ ọ́: ogójì ọdún, àwọn ọmọ ọwọ́, sàréè tí wọ́n gbẹ́ wọ́. Ní ìparí, mo kọ ọ́ pé èmi ni ọmọ náà, pé mi ò kì í wá. Ó fèsì lọ́jọ́ kejì. Ó ní òun dúpẹ́. Ó ní òun ti nu lébìrà kúrò nínú ìwé òun láti inú ọkọ̀.

Mo máa ń lọ sí Ìsọlọ̀ báyìí, lọ́jọ́ tí ọwọ́ mi bá dilẹ̀. Mo máa ń mú Ìyá Táòfíkì lọ sí ọsibítù nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ti ń ro koríko. Àwa méjèèjì kì í sọ̀rọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn. Ìyá Kọ́lá ni mi ò tíì mọ bí mo ṣe máa ṣe ti ẹ̀. Nígbà tí mo bá kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Á dá ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí máṣíìnì, á rẹ́rìn-ín sí mi dáadáa, bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sí àlejò. "Ẹ ǹlẹ́ o, àǹtí," ni yóò wí. "Ẹ kú àbọ̀." Gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni mo máa ń rò ó pé lónìí ni màá sọ fún un pé èmi ni, mi ò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́.